Karl Landsteiner: Dókítà tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀

Bí obìnrin kan láti Ilo-Awela bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tàbí tí wọ́n gbé ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe dé ọsibítù ní Sàngó-Ọ̀tà, àwọn dókítà kì í kàn fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí i lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ méjèèjì bára mu. Karl Landsteiner ló la ọ̀nà yìí.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 1868 ni wọ́n bí i ní agbègbè Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Oníṣẹ́ ìròyìn ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 6 péré ni Karl nígbà tí bàbá náà kú. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dún 1891, ó gboyè dókítà ní Yunifásítì Vienna.

Láyé ìgbà náà, bíi tẹ́tẹ́ ni fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Ẹlòmíràn á yè, ẹlòmíràn á kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Landsteiner gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ àti tàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ya omi inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń po ti ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn kan pò dáadáa, àwọn mìíràn ṣù jọ. Lọ́dún 1901, ó kéde oríṣi ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta: A, B àti èyí tí a ń pè ní O lónìí. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí AB lọ́dún 1902.

Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá ẹni fi lè fẹ́ fúnni lẹ́jẹ̀ tí kò ní ṣeé gbà. Ẹni tó jẹ́ O kò lè gba ẹ̀jẹ̀ A tàbí B. Èyí yàtọ̀ sí AA, AS àti SS táwọn àfẹ́sọ́nà ń yẹ̀ wò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Landsteiner gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1930, nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní New York. Lọ́dún 1940, òun àti Alexander Wiener kéde ohun tí wọ́n ń pè ní Rh. Ìmọ̀ yìí ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń pa ọmọ mọ́ àwọn abiyamọ kan nínú.

Ẹnu iṣẹ́ ló wà tí àìsàn ọkàn fi kọlù ú. Ó kú ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1943, lẹ́ni ọdún 75. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo àgbáyé fi ń yẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sí.