Fẹlá Ṣówándé, Ẹni tí ó Kọ Ohùn Yorùbá sí Ìwé Orin

Eré kan wà tí àwọn tí ó mọ ìwé orin kà máa ń ṣe láàárín ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn yóò ṣí ojú ìwé orin ńlá kan, yóò fi ọwọ́ bo àkọlé rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, yóò sì ní kí àwọn ìyókù wo ìlà díẹ̀ péré, kí wọ́n sọ orin tí í ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ orin náà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan dùùrù. Ojú ni wọn yóò fi gbọ́ ọ. Eré yìí lè dàbí àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ohun tí a mọ̀. Ní agbègbè wa yìí, tí ó ti Òsì dé Ìlọ́fà, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọnà dunjú kò nílò kí a sọ fún un kí ó tó mọ ilẹ̀kùn tí Àrẹògún ará Òsì gbẹ́, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí alàgbà náà ti kú ní 1954. Ọwọ́ oníṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Nínú kíláàsì Yorùbá pàápàá, a máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ yóò kọ *igba* sí ojú pátákó láìfi àmì sí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kùn. Bí ó bá kùn ún ní re-mí, àwọn ọmọ yóò dáhùn pé igbá tí a fi ń bu omi ni. Bí ó bá kùn ún ní re-re, wọn a ní iye tí ó tẹ̀lé igba ó dín kan ni. Bí ó bá jẹ́ dò-dò, ìgbà òjò tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí ó bá sì jẹ́ re-dò, igbà tí adému fi ń gun ọ̀pẹ ni. Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Òun náà ni onídùndún ń tẹ̀lé tí ìlù rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ yìí kò gbàgbé ohùn wọ̀nyí nígbà tí ó jókòó ti ìwé orin olílà márùn-ún, èyí tí ó ti ilẹ̀ Òyìnbó wá.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni a bí Fẹlá Ṣówándé sí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọdún 1905. Emmanuel Ṣówándé ni orúkọ bàbá rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Bàbá yìí fẹ́ràn orin, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú kí orin ilé Ọlọ́run má baà jẹ́ ti Òyìnbó nìkan. Nítorí náà, bí ọmọ náà ti ń la ojú ni ó ti ń gbọ́ orin. Kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni etí rẹ̀ gbà. Ọ̀yọ́ jẹ́ ìlú aláàfin, ìlú ìlù àti oríkì, ẹni tí ó bá sì gbé ibẹ̀ ní kékeré kò lè ṣàì mọ ohùn bàtá yàtọ̀ sí ti dùndún.

Láti Ọ̀yọ́, ó dé Èkó. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti CMS àti King's College. Ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ akọrin ní Kàtídírà Kristi, níbi tí ó ti bá ọ̀gá tí ó ṣí ojú rẹ̀ pàdé. Ọ̀gá náà ni Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó ti kàwé nípa orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di ọ̀gá àwọn akọrin àti atẹ dùùrù Kàtídírà náà láti 1914 títí di 1962. Phillips kọ́ ọmọ náà ní dùùrù títẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ Bach àti ti àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù hàn án. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dun Phillips lọ́kàn. Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Òyìnbó, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin: ohun tí ó yẹ kí ó lọ sókè a já sílẹ̀, ìtumọ̀ a sì sọnù. Ó kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí, tí ó jáde ní 1953, ó sì ń kọ orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ẹ̀kọ́ yìí ni Ṣówándé gbé dání lọ sí ìdálẹ̀.

Ní 1934, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe nítorí orin ni ó ṣe lọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó fẹ́ kọ́. Nígbà náà, ẹnjiníà ní ọlá, owó oṣù rẹ̀ sì dájú, ṣùgbọ́n ta ni ó tí ì rí ọmọ Áfíríkà tí ó ń fi orin kíkọ sílẹ̀ jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Kí ó lè rí owó gbọ́ bùkátà, ó ń tẹ pianó ní àwọn ilé tí a ti ń jó lóru. Díẹ̀díẹ̀ ni orin gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ní 1936, ó tẹ pianó nínú *Rhapsody in Blue*, iṣẹ́ ńlá tí George Gershwin ará Amẹ́ríkà kọ. Ó tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, olókìkí akọrin obìnrin aláwọ̀ dúdú. Nígbẹ̀yìn, ó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ má ṣe rò pé fàájì ni ó yàn. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kàwé lọ́sàn-án. Ní 1943, ó yege nínú ìdánwò tí ó le jù lọ fún àwọn atẹ dùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀bùn mẹ́ta tí a ń fún àwọn tí ó bá ta yọ nínú rẹ̀. Ó gba oyè B.Mus. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń ṣe orin fún àwọn fíìmù ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Lẹ́yìn náà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe atẹ dùùrù àti ọ̀gá akọrin wọn.

Ní 1944 ni ó kọ iṣẹ́ tí ó mú orúkọ rẹ̀ kárí ayé, *African Suite*. Fáyólín àti àwọn ìbátan rẹ̀ ńlá àti kékeré, pẹ̀lú háàpù, ni ó ń ṣe é. Apá márùn-ún ni ó ní. Ẹ jẹ́ kí a wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe eré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kí a lè rí irú ẹni tí ó jẹ́.

Bí a bá bo àkọlé apá kìn-ín-ní, tí ẹnìkan sì wí pé ohùn orin yìí ti Gáná wá, kò ṣìnà, nítorí láti inú orin Ephraim Amu ará Gáná ni Ṣówándé ti mú un. Bí a bá bo àkọlé apá tí ó gbẹ̀yìn, *Akinla*, ẹni tí ó mọ orin háílàífù yóò mi orí. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti wá. Àwọn ará Kánádà pàápàá yóò dá a mọ̀, nítorí pé a fi ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí rédíò wọn fún ọdún púpọ̀. Bí a bá tún gbé iṣẹ́ dùùrù rẹ̀ tí ń jẹ́ *Go Down Moses* sílẹ̀, ẹni tí ó bá ní orin àwọn ẹrú dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí *Oyigiyigi* tàbí *Obangiji*, ọmọ Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Nínú *Oyigiyigi*, Ṣówándé mú orin Yorùbá kan, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ó ti rí, lẹ́yìn náà ni ó ń wọ aṣọ oríṣiríṣi fún un: ó fi sókè, ó fi sísàlẹ̀, ó mú un rìn jẹ́jẹ́, ó mú un sáré. Síbẹ̀, bí aṣọ ti ń yí padà, ojú orin náà kò yí padà.

Nítorí náà, ìlà kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ Ṣówándé. Èyí gan-an ni ó sì kó o sínú àríwísí. Àwọn kan wí pé orin rẹ̀ ti di ti Òyìnbó jù, pé kí ni dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní í ṣe pẹ̀lú Yorùbá. Lójú rẹ̀, ìran kan kò ni orin fún ara rẹ̀ nìkan, kò sì yẹ kí a fi ọgbà yí ọmọ Áfíríkà ká pé ibi báyìí ni orin rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ó gbà pẹ̀lú pé ẹni tí yóò yá ohun èlò aládùúgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nílé baba rẹ̀.

Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Nígbà tí ó padà sí Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1953, tí ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn orin ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jókòó ti àwọn babaláwo àti àwọn onílù láti kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, òun ni a ní kí ó kọ orin ńlá fún ọ̀kẹ́sírà láti fi ṣe àjọyọ̀ náà, ó sì kọ *Folk Symphony*, tí ohùn orin ilẹ̀ wa kún inú rẹ̀. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1956. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní M.F.N. ní 1964, Yunifásítì Ifẹ̀ sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1972.

Ní 1968, ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard, ní ti Pittsburgh, àti ní ti Kent ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìlú Ravenna ní Ohio ni ó kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ọdún 1987. Ilẹ̀ Ohio náà ni a sin ín sí, ní ibi tí ó jìnnà réré sí Ọ̀yọ́ tí a ti bí i. Phillips ọ̀gá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ kú ní 1969.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò fara sin. Ṣówándé fi iṣẹ́ tí ó dájú sílẹ̀ fún èyí tí a bí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fi ṣeré; ó kọ́ ọ títí àwọn tí ó ni ohun èlò náà fi bu ọlá fún un. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ẹ bá rí ìwé orin rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ tí ó wà lókè rẹ̀, kí ẹ fi ojú tẹ̀lé ohùn bí ó ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ dò re mí dáadáa yóò dá ọmọ ilé mọ̀, bí ó ti wù kí aṣọ tí ó wọ̀ jẹ́ ti àlejò tó.