Seydou Keïta: Ọmọ Káfíńtà Tí Ó Fi Ẹ̀sọ̀ Di Ọ̀gá Onífọ́tò

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni àwọn baba wa fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí ìlú dídá nìkan. Ó bá iṣẹ́ ọwọ́ mu pẹ̀lú. Bí a bá wo iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá ayé àtijọ́, èyí tí a ń gbé lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí onífọ́tò sì ń fi aṣọ dúdú borí kí ó tó wo inú rẹ̀, a ó rí i pé kò sí ọjọ́ orí kan pàtó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ ọ. Julia Margaret Cameron, obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di ẹni ọdún 48 ní 1863 kí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà tó fi kámẹ́rà àkọ́kọ́ ta á lọ́rẹ. Síbẹ̀ ó di ẹni tí a kò lè sọ ìtàn iṣẹ́ fọ́tò kí a má dárúkọ rẹ̀. Solomon Osagie Alonge, ọmọ ìlú Bìní tí a bí ní 1911, ọ̀dọ́ langba ni nígbà tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Èkó, kí ó tó padà sílé tí ó sì di onífọ́tò ààfin Ọba.

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lónìí ni Seydou Keïta, ọmọ ìlú Bamako ní ilẹ̀ Mali. Nínú ìtàn tirẹ̀ ni a ti rí bí ọmọdé ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdí kámẹ́rà ńlá, àti bí orúkọ oníṣẹ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú gbogbo ayé.

Ní nǹkan bí ọdún 1921 ni a bí i, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ náà. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, bí ó sì ti rí ní ilẹ̀ tiwa pé ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í jìnnà sí ẹwìrì, ìdí pákó àti ayùn ni wọ́n fi Seydou sí láti kékeré. Kò lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nídìí iṣẹ́ pákó ni pé kí a wọn igi dáadáa kí a tó gé e, nítorí pé igi tí a bá ti gé kúrú kò ṣeé fà gùn mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí yóò wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la.

Ní 1935, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 14, ìbátan bàbá rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Tièmòkò ti ìrìn àjò Senegal dé. Ó mú kámẹ́rà kékeré kan bọ̀, irú èyí tí a ń pè ní Kodak Brownie, ó sì fi fún ọmọ náà. Fọ́tò mẹ́jọ péré ni fíìmù inú rẹ̀ lè yà. Àwọn ará ilé ni Seydou kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́. Nígbà mìíràn ọwọ́ tirẹ̀ yóò gbọ̀n, nígbà mìíràn ẹni tí ó ń yà yóò mira, fọ́tò yóò sì jáde ní bàìbàì. Inú bí àwọn ènìyàn sí i nígbà púpọ̀. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ kámẹ́rà nù.

Yíya fọ́tò kò ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Fífọ fíìmù ni ìdajì kejì. Ọ̀dọ̀ Pierre Garnier, ọmọ Faransé kan tí ó ní ìsọ̀ ohun èlò fọ́tò ní Bamako, ni Seydou ti ń fọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ Mountaga Dembélé, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé tí ó sì tún jẹ́ onífọ́tò. Dembélé ṣí ìlẹ̀kùn yàrá òkùnkùn rẹ̀ fún un, ó sì fi bí a ṣe ń po oògùn àti bí a ṣe ń fọ fíìmù hàn án. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ tí kò jókòó ní kíláàsì rí gba ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ní ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́. Ju ọdún mẹ́wàá lọ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ pákó àti iṣẹ́ fọ́tò pọ̀, kí ó tó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní 1948 lórí ilẹ̀ ẹbí wọn ní Bamako-Coura, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin.

Ní ilé fọ́tò yìí ni kámẹ́rà ńlá ti di irinṣẹ́ rẹ̀. Ewé fíìmù tí ó ń lò gùn ní sẹ̀ntímítà 18, ó sì fẹ̀ ní 13. Kámẹ́rà kékeré lè ya fọ́tò púpọ̀ sórí fíìmù kan tí a ká jọ, ṣùgbọ́n ti ńlá, ewé fíìmù kan, fọ́tò kan ni. Onífọ́tò yóò kọ́kọ́ wo gíláàsì tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ẹni tí ó jókòó yóò ti hàn ní ìdoríkodò. Bí ó bá ti tún un ṣe tí ó mọ́ kedere, yóò ti fíìmù bọ̀ ọ́, láti ìgbà náà lọ kò sì ní rí ohunkóhun lórí gíláàsì mọ́. Ojú ara rẹ̀ ni yóò fi wo ènìyàn náà títí yóò fi ya fọ́tò. Nígbà tí a bá fọ fíìmù tán, a óò gbé e lé orí bébà fọ́tò, a óò tan iná sí i, bí fíìmù sì ti tóbi tó ni fọ́tò yóò ti tóbi tó. Ìdí nìyí tí gbogbo fọ́nrán aṣọ àti gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn fi ń hàn ketekete.

Owó ni fíìmù. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Keïta sábà máa ń ya ẹnì kan, kò sì fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan náà bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ ìdí pákó nìyẹn: wọ̀n ọ́n kí o tó gé e. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àgbàlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó sì fẹ́ràn jù. Aṣọ ìtẹ́bùsùn tirẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ ta sí ẹ̀yìn àwọn oníbàárà. Ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó dàgbà, aṣọ ẹ̀yìn ni ó fi ń mọ ọdún tí ó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ń wá pẹ̀lú gèlè àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà; àwọn ọkùnrin tí kò ní kóòtù ń yá tirẹ̀ wọ̀, pẹ̀lú aago ọwọ́, kálàmù àti rédíò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a ti mọ fọ́tò àgbà sí láyé àtijọ́ ni pé kí baba jókòó gbọnin nínú agbádá, kí ó kọjú síwájú gan-an, kí ọwọ́ méjèèjì sì wà lórí orúnkún. Ti Keïta yàtọ̀ díẹ̀: ó fẹ́ràn láti mú ènìyàn yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọwọ́ àti èjìká lè ní ẹwà tiwọn. Iyì ọmọ ènìyàn ni ọ̀nà méjèèjì ń wá.

Mali gba òmìnira ní 1960. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba pe Keïta láti wá ṣe onífọ́tò ìjọba, ó sì ti ilé fọ́tò rẹ̀ pa. Ní 1977 ni ó fẹ̀yìn tì, ó sì gba ìdí àtúnṣe ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n kò da nẹ́gátíìfù rẹ̀ kan nù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó kó pamọ́ sínú àpótí.

Ní 1991 ni wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kan ní ìlú New York. Àwọn fọ́tò Keïta wà lára ògiri, àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò ó, ẹnu yà wọ́n. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà wà láàyè ní Bamako. Ọmọ Faransé kan, André Magnin, gbéra lọ sí Bamako láti wá oní-nǹkan kàn, ó sì bá a pẹ̀lú àwọn àpótí rẹ̀. Ní 1994 ni wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní Paris, ní Fondation Cartier. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2001 ni ó jáde láyé, ní Paris kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Bí kì í bá ṣe àpótí nẹ́gátíìfù wọ̀nyẹn, kí ni ìbá fi hàn pé òun ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Mélòó nínú àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa, tí wọ́n fi kámẹ́rà ńlá ya àwọn ìyá àti baba wa, ni kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀? Nẹ́gátíìfù wọn ti jóná tàbí kí òjò ti bà á jẹ́, fọ́tò tí wọ́n yà sì wà lára ògiri láìsí orúkọ ẹni tí ó yà á, nígbà mìíràn láìsí orúkọ ẹni tí a yà.

Títí di òní ni a ṣì ń ṣe ewé fíìmù fún kámẹ́rà ńlá, tí ọ̀dọ́ àti àgbà ń wá sídìí rẹ̀, ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ó ti fi kámẹ́rà ayé òde òní ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Kò sí ẹni tí ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní yà fọ́tò pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ sọ fọ́tò kan kalẹ̀ lára ògiri ilé yín lónìí. Ẹ gbé e lọ bá àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí a yà á, àti ẹni tí ó yà á. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ lẹ́nu yín, kí orúkọ tó parẹ́ lẹ́yìn àwòrán.