Ìtàn Ìgbésí Ayé Captain J. P. L. Davies, Àgbẹ̀ Kòkó

Kò sí ọmọ Oǹdó tàbí ọmọ Àkúrẹ́ kan láàárín wa tí kò mọ kòkó. Owó kòkó ni a fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn sì ti ń sá kòkó lójú oòrùn kí wọ́n tó mọ A, B, D. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tí ó ṣíwájú nínú gbígbin igi yìí ní agbègbè Èkó, níbi tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, díẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1828 ni a bí i ní abúlé Bathurst ní ilẹ̀ Sàró. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ó kàwé ní Grammar School ti C.M.S. ní Freetown, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wa. Lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun. Ó wà nínú ogun tí a bá Èkó jà ní 1851, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1856.

Òwò rẹ̀ gbilẹ̀ gidigidi, kò sì háwọ́. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá Grammar School Èkó sílẹ̀ ní 1859, Davies ni ó fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta ní ìyàwó ní ìlú Brighton. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin náà. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Dahomey ní kékeré, lẹ́yìn náà ni Queen Victoria sì gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró sí ojú kan. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, òwò Davies wó lulẹ̀, ó sì wọ gbèsè ńlá. Ẹni tí gbogbo Èkó ń wò lójú di ẹni tí a ń fi ìka tọ́ka sí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó sílé kí ó máa ka iye ohun tí ó ti nù. Davies kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó kọjú sí ilẹ̀. Ní 1879 àti 1880 ó rí hóró kòkó gbà láti inú ọkọ̀ Brazil kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn wọ́n sí oko rẹ̀ ní Ijon, ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Òun nìkan kọ́ ni ó ní èrò yìí. Squiss Ibaningo ti gbin kòkó ní Bonny ní 1874, Tetteh Quarshie náà sì mú irúgbìn láti Fernando Po lọ sí Mampong ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Hóró kòkó kò dà bí àgbàdo tí a lè so mọ́ àjà di ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn, kì yóò hù mọ́. Láti inú èso tí ó pọ́n dáradára ni a ti ń mú un, a kò sì gbọdọ̀ fi falẹ̀ kí a tó gbìn ín. Nígbà tí ó bá hù, oòrùn líle lè pa á; nítorí náà abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni àwọn àgbẹ̀ wa ń tọ́ ọ sí. Bí ó ti wù kí a tọ́jú rẹ̀ tó, ó di bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, tí ó sì ń gbin irú igi bẹ́ẹ̀, sùúrù rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìbànújẹ́ mìíràn tún dé bá a lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyàwó rẹ̀ ní erékùṣù Madeira. Davies gbé òpó òkúta kan tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ ró fún ìrántí rẹ̀ ní Ijon, níbi tí oko kòkó rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́, oko náà sì yọrí sí rere.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbẹ̀ Agége kọ́ iṣẹ́ kòkó. Aṣáájú láàárín wọn ni Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó tún jẹ́ òpó nínú Ìjọ African Church tí a dá sílẹ̀ ní 1901. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti òkè wá ṣe alágbàṣe ní àwọn oko wọ̀nyí, wọ́n sì mú irúgbìn àti ọgbọ́n rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí kòkó dé inú igbó Oǹdó, ó bá ilẹ̀ rere àti òjò tí ó tó pàdé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹrù náà.

Davies kò rí èyí. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1906. Àwọn ilé ẹrù tí ó fi ń ṣòwò ti di ìtàn, ṣùgbọ́n igi tí ó gbìn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni ó bọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tí a bá kọ́ lónìí kì í so èso lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a gbìn, kí a fi òjìji bò ó, kí a sì ní sùúrù.