Eliot Elisofon àti fíìmù aláwọ̀ rẹ̀
New York ni wọ́n ti bí Eliot Elisofon lọ́dún 1911, nínú ìdílé tálákà. Ó di ayàwòrán ìwé ìròyìn Life, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin Áfíríkà já lọ́dún 1947. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò aláwọ̀ tó yà jẹ́ irú èyí tí àwa ará Tógò ń pè ní diapositive. Kò ní nẹ́gátíìfù: fíìmù inú kámẹ́rà gan-an ni àwòrán, bó bá bàjẹ́, ó tán nìyẹn. Nígbà tó kú lọ́dún 1973, ó fi àwọn fọ́tò Áfíríkà rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ọnà Áfíríkà ní Washington, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń lò wọ́n títí dòní.

Kodachrome ló lókìkí jù nínú irú fíìmù yìí. Kodak dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2009. Ìparí 2010 ni ilé ìfọ̀ tó kẹ́yìn ṣíwọ́. Ilé ìfọ̀ ló sì ń fi àwọ̀ sí i. Nítorí náà, èyí tí a kò fọ̀ tó ṣì wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni ní Atakpamé, dúdú àti funfun nìkan ló lè jáde níbẹ̀ mọ́.