Banting, Ínsúlíìnì àti Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Ní sáà tó kọjá ni wọ́n gba ìyá mi àgbà sí wọ́ọ̀dù nítorí àtọ̀gbẹ. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì wọn pé kí wọ́n gba ínsúlíìnì 6U. Nọ́ọ̀sì kan ka U náà sí òdo, ó sì fa 60 sínú sìríǹjì. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kejì tó tún fáìlì kà kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sún mi dé ìdí ìtàn Frederick Banting.

Alliston ní Kánádà ni wọ́n bí Banting sí, ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1891. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó ṣe dókítà lójú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọmọdé tó bá ní àtọ̀gbẹ kì í pẹ́ kú. Oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni àwọn dókítà lè dín kù.

Ní ọdún 1921, Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod fún un ní yàrá ìwádìí ní Yunifásítì Toronto, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best. Ajá ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Oògùn náà kò mọ́ tó. Ojú abẹ́rẹ́ wú, wọ́n sì dáwọ́ dúró. James Collip tún un sẹ́. Ní ọjọ́ 23, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n Collip ti rí i lára ehoro pé bí ínsúlíìnì bá pọ̀ jù, gìrì á mú wọn. Ara ehoro náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mọ ìwọ̀n yúnìtì kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé oògùn tó ń gbani là yìí lè pani.

Banting àti Macleod gba ẹ̀bùn Nobel ní 1923. Banting pín owó tirẹ̀ pẹ̀lú Best. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Newfoundland, ní oṣù kejì, ọdún 1941. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ pé àmì kékeré ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Ti wọ́ọ̀dù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí dókítà kọ yúnìtì tán pátápátá, kó má gé e sí U. Kí nọ́ọ̀sì kejì fi ojú ara rẹ̀ ka fáìlì, kó wo ìgò oògùn, kó sì wo sìríǹjì. Kí ẹni àkọ́kọ́ má kà á sí i létí. Ohun tó jẹ́ kí ìyá mi àgbà wà lálàáfíà lónìí nìyẹn.