Akínsànyà, Ìjókòó Kan Tí Ó Tú Ẹgbẹ́ Ká

Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Ní 1941 ni Dókítà Kòfó Àbáyọ̀mí fi ìjókòó rẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀. Akínsànyà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Ernest Ikoli, ọmọ Nembe, ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Akínsànyà kò gbà. Ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi. Azikiwe bínú kúrò, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú àti Ìgbò sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ẹ̀tanú ẹ̀yà ni. Bẹ́ẹ̀ Awólọ́wọ̀, ọmọ Rẹ́mọ kan náà, Ikoli ni ó tì lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà kò bọ̀ sípò mọ́. Lọ́dún yẹn gan-an ni Akínsànyà jọba, ó di Ọdẹ́mọ Ìsarà, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1985.