Joseph Fourier: Ọkùnrin tó jẹ́ ká lè fi kọ̀ǹpútà wọn sípíkà nílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kan àpótí sípíkà níbí n'Ígbàrà-Odò wá bá mi, ojú ẹ̀ ò dáa rárá. Ó gbé sípíkà fún oníbàárà kan, wọ́n ní ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò, wọn ò sì san owó tó kù. Ó wá fẹ́ yá ₦200,000 kó fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ohùn. Mo ní kó ní sùúrù ná. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ìtàn yẹn ló máa jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ kówó lọ.

Joseph Fourier lorúkọ ẹ̀. March 21, 1768 ni wọ́n bí i nílùú Auxerre, lórílẹ̀-èdè Faransé. Télọ̀ ni bàbá ẹ̀. Kò tíì ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí ìyá àti bàbá ẹ̀ fi kú, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ló ti rí ìṣirò kọ́. Lọ́dún 1794, nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, orí ló kó o yọ: Robespierre ṣubú lóṣù July ọdún náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1798 ó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì. Nígbà tó padà dé, Napoleon fi í ṣe olórí ìjọba àgbègbè Isère, ó ń gbé ní Grenoble.

Iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ kó gbàgbé ìwé. Bí ooru ṣe ń rìn nínú irin ló ń ṣèwádìí. Lọ́dún 1807 ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Paris. Ohun tó sọ ni pé ohun tó bá ń lọ sókè sódò, bó ti wù kó rí jágajàga tó, a lè tú u sí àwọn ìgbì kéékèèké tí kò díjú. Ẹ wo ìyá alágbo tó tọ́ àgbo wò lẹ́ẹ̀kan, tó dárúkọ gbogbo ewé tó wà níbẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Lagrange, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìṣirò, ò gbà. Lọ́dún 1812 wọ́n fún Fourier lẹ́bùn lórí iṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ wọ́n tún ń ṣàríwísí. Ọdún 1822 nìwé ẹ̀ tó jáde. May 16, 1830 ló kú. Orúkọ ẹ̀ wà lára 72 tí wọ́n kọ sára Eiffel Tower.

Kí wá ló kàn án pẹ̀lú sípíkà? Ohùn náà ń lọ sókè sódò. Lọ́dún 1965, Cooley àti Tukey tẹ ọ̀nà kan jáde láti ṣe ìṣirò Fourier kíákíá lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó lè gba ìṣirò tó lé ní mílíọ̀nù kan tẹ́lẹ̀ fún nọ́ńbà 1,024, nǹkan bí 10,000 ló ń gbà báyìí. Láàpútọ́ọ̀pù àlòkù pàápàá á ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kówó gidi lọ sórí ìṣirò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní REW, ètò tí wọ́n fi ń wọn ohùn. Máìkì ni kẹ́ ẹ nawó lé. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe máìkì fóònù fún, ó lè purọ́ fún yín. Ẹ wá máìkì ìwọ̀n tó ní fáìlì tó ń ṣàlàyé àṣìṣe tiẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè yọ ọ́ kúrò. Irú UMIK-1 ń wọ ojú USB tààrà, kò nílò ẹ̀rọ míì.

Ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n náà ṣe pàtàkì. Ẹ gbé sípíkà sórí nǹkan gíga láàárín àgbàlá, kó jìnnà sógiri, kí máìkì wà níwájú ẹ̀ ní mítà kan. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ lo bátìrì láàpútọ́ọ̀pù. REW á gbé ohùn kan jáde láti 20Hz dé 20,000Hz, á sì ya ìlà. Ariwo tó bá kọ lu ilẹ̀ tàbí ògiri máa ń pẹ́ dé, ẹ lè gé e kúrò nínú ètò náà. Fún ìró tó wúwo, ẹ sún máìkì mọ́ ojú sípíkà dáadáa.

Ibi tí ìlà bá ti wú níbi tí kò yẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ohùn ìkòkò yẹn wà. Àbúrò mi ti fi owó yíyá sílẹ̀. Máìkì nìkan ló ń tọ́jú owó fún báyìí, mo sì ti ṣèlérí láti bá a dá díẹ̀ sí i. Ọmọ télọ̀ tí wọn ò gbà gbọ́ ti san ìyókù sílẹ̀ fún wa.